Ohun tó ń súfèé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Àárọ̀ yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ń da mọ́tò mi láàmú. Ọdún 1998 ni wọ́n ṣe é. Bí mo bá ti dúró nínú gosiló, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, wọ́n fọ nọ́sù, pàbó ló já sí.

Mẹkáníìkì tó wá lónìí ò kọ́kọ́ tú nǹkan kan. Ó tẹ́tí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́, nǹkan kan ń súfèé." Ó ki rọ́bà gígùn kan bọ etí, ó ń fi ìdí kejì wá ohùn náà kiri. Abẹ́ PCV, ìyẹn fáàfù kékeré tí èéfín inú ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá, ló dé, níbi rọ́bà kékeré tó ń gbé èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà lọ jó. Ooru ti jẹ ẹ́, ó ti sán nísàlẹ̀ níbi tójú ò tó, afẹ́fẹ́ sì ń gbabẹ̀ wọlé. Ó fìka dí i. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀! Mo pariwo ayọ̀.

Ó mi PCV fúnra rẹ̀, èyí tó dáa máa ń dún, àmọ́ kò dún rárá. Ìdọ̀tí epo ti dí i pa. A pààrọ̀ méjèèjì. Irú mẹkáníìkì tó ń gbọ́ tẹnu ọkọ̀ kó tó mú sípánà yìí, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń sanwó fún wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò àtijọ́, ṣé tiyín ti súfèé báyìí rí? Ibo lẹ ti rí i?