Ó Kàn Wà Níbẹ̀ Ni

Ọjọ́rú, alẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wọ̀ mí létí lánàá, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì jáde. Ọ̀gá wa ń mú ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kiri inú ibi ìkẹ́rùsí, ó ń sọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe fún un. Ẹ̀yìn òkìtì páálí ni mo wà, wọn ò rí mi. Ọmọ náà béèrè mi, ó ní ọkùnrin tó ga yẹn ńkọ́. Ọ̀gá fi èdè Jàpáánì dáhùn, "Iru dake da yo." Ìyẹn ni pé, ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Ọdún kẹfà mi nìyí níbẹ̀ o.

Mo ti yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Bóyá kò ní in ní ìkà. Ohùn rẹ̀ ò le. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín téèyàn ń rín sí ohun tó ti mọ́ ọn lára. Lọ́sàn-án àná mo ní kò burú. Mo jí lóru, ó burú.

Mi ò lọ síṣẹ́ lónìí. Mo wọ rélùwéè lọ sí Shibamata, àdúgbò kan ní Tokyo, mo pààrọ̀ ọkọ̀ ní Takasago bí mo ṣe máa ń ṣe. Òjò ń fọ́n wìnnìwìnnì. Mo ra kusa-dango, ìpápánu ìyẹ̀fun ìrẹsì aláwọ̀ ewé, mo rìn dé iwájú tẹ́ḿpìlì, mo dúró díẹ̀, mo padà sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí ò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin tá a ti jọ ń bọ̀ mọ ẹni tí mo lọ wá.

Ryu Chishu, òṣèré sinimá Jàpáánì, ti kú láti oṣù kẹta ọdún 1993, mo mọ̀. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì yẹn ni ojú mi ti máa ń wá a, nínú aṣọ àlùfáà tó máa ń wọ̀ nínú àwọn fíìmù Tora-san tí wọ́n ṣe níbẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń fi ọ̀wọ̀ pè é ní Gozen-sama. Láti orí fíìmù Tora-san àkọ́kọ́ ní 1969 títí dé èyí tó jáde ní 1992, ìran méjì, ìran mẹ́ta ló máa ń ní. Á jáde, á bá Sakura sọ̀rọ̀ ṣókí nípa Tora-san, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò gbọ́ràn, á mirí, á wọlé. Nínú èyí àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ní Nara. Dípò kó pe "chíìsì" kí ẹnu rẹ̀ lè là bí ẹlẹ́rìn-ín, "bọ́tà" ló pè. Ojú rẹ̀ ò yí padà rárá. Ó ti lé ní ogún ìgbà tí mo ti wò ó, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ó kàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ wá wo ohun tó kù ní Shibamata náà.

Ìyàwó tó ta dango fún mi lónìí, mo ní kí n dán an wò, mo dárúkọ Gozen-sama. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Áà, Gozen-sama," ó tẹ orí ba díẹ̀, kò sọ nǹkan míì mọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọkùnrin náà ti kú.

Ta ló máa tẹrí ba fún ẹni tó kàn wà níbẹ̀?

Inú tẹ́ḿpìlì ni wọ́n bí Ryu sí, ní Kumamoto, ní 1904. Bàbá rẹ̀ ni àlùfáà ibẹ̀. Yunifásítì Toyo ló ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Búdà, kó lè gba ipò náà lọ́jọ́ iwájú. Ní 1925 ó fi ìwé sílẹ̀, ó wọ ilé iṣẹ́ sinimá Shochiku ní Kamata. Nígbà tí bàbá kú, ó padà sílé lọ ṣe àlùfáà fún oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ ò gbà á, ó fi í lé arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ló wá fi ọdún 23 ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ wọ̀ ọ́ níwájú kámẹ́rà. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí ìyẹn. Mo kàn ń wò ó ni.

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló fi ń kọjá lẹ́yìn àwọn òṣèré gidi. Ẹni tó dúró ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó gba iwájú ilé kọjá. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ohùn Kumamoto ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú, nínú iṣẹ́ tó jẹ́ pé ohùn Tokyo ni wọ́n ń wá. (Ọ̀rọ̀ ohùn yìí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lónìí. Mo ti kọ nípa èdè Jàpáánì tèmi tó ń dún bíi Yorùbá, mi ò fẹ́ tún un kọ.) Kí ló ń sọ fún ara rẹ̀ láwọn alẹ́ ìgbà yẹn, tó bá bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Ọdún mẹ́fà péré ni tèmi, ẹ wo bó ṣe rí lára mi.

Ozu Yasujiro, olùdarí fíìmù tó lò ó jù, sọ nígbà kan pé Ryu ò mọ eré ṣe, pé ìdí tóun fi ń lò ó nìyẹn. Ryu fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀, ó sì ní òótọ́ ni. Fíìmù 54 ni Ozu ṣe, 52 ni Ryu wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń darí rẹ̀ ni pé kó wo ṣóńṣó igi ìjẹun, lẹ́yìn náà kó wo ọwọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kò ní sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ryu á ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwa tá à ń wò ó, omi á ti lé sí wa lójú.

Ká ní ọ̀gá mi ló sọ pé mi ò mọṣẹ́, pé ìdí tóun fi gbà mí nìyẹn... Rárá, kò jọra. Ozu mọ ohun tó ń wò. Ọ̀gá mi ò wò rárá. Ibi tó dùn mí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn yẹn.

Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ara "wà" ni "ìwà" ti jáde. Inú rélùwéè ni èyí ti bọ́ sí mi lọ́kàn, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ibi tí mo fẹ́ sọ̀. Nínú èdè wa, kéèyàn wà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọ̀gá ò gbọ́ Yorùbá. Kò mọ ohun tó sọ nípa mi.

Ó yà mí lẹ́nu bí ọjọ́ orí Ryu ṣe ń yí. Fíìmù Ozu ti 1953 nípa bàbá àti ìyá tó ti Onomichi lọ wo àwọn ọmọ wọn ní Tokyo, ẹni bí àádọ́rin ọdún ló ṣe níbẹ̀, ọmọ ọdún 49 sì ni. Higashiyama Chieko tó ṣe ìyàwó rẹ̀ fi ọdún 14 jù ú lọ. Yamamura So tó ṣe àkọ́bí rẹ̀, ọdún mẹ́fà péré ni Ryu fi ju òun lọ. Síbẹ̀ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó jókòó. Bàbá ni. Ní 1990, nínú fíìmù kan tí olùdarí Kurosawa ṣe, ó ṣe bàbá ọlọ́dún 103 ní abúlé tí kẹ̀kẹ́ omi wà káàkiri, ó ń jó lọ síbi ìsìnkú. Ọdún 86 ni nígbà náà, ó ṣì ń yá ọdún kún tirẹ̀.

Ní agogo mẹ́jọ Màámi pè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. "Hẹ́lò? Ṣé o wà ńbẹ̀?" Mo ní, "Mo wà ńbẹ̀, mà." Ìgbà mẹ́rin, márùn-ún la sọ ọ́ kí ìlà tó dúró. Wọ́n ní oògùn àwọn ti tán, mo ní mo ti fi owó ránṣẹ́. Mi ò sọ nǹkan kan nípa ọ̀gá.

Mo fẹ́ wo Nagaraeba lẹ́yìn ìyẹn, eré tẹlifíṣọ̀n tí Yamada Taichi kọ fún NHK, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Jàpáánì, ní 1982, níbi tí bàbá kan tí Ryu ṣe ti yọ́ kúrò nílé ọmọ rẹ̀ ní Toyama láti lọ wo ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Nagoya. Mi ò lè wò ó. Kì í ṣe lálẹ́ òní tí Màámi pè.

Ti ápù yẹn ni mo wò dípò rẹ̀, fíìmù Ozu ti 1949. Ryu ti fa ọmọbìnrin rẹ̀ fọ́kọ, ó dé, ilé ṣófo. Ó jókòó, ó ń bó ápù. Èèpo rẹ̀ já bọ́, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ozu fẹ́ kó sunkún gbalaja níbẹ̀. Ó ní òun ò lè ṣe é. Ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé wo igi, wo ọwọ́, tó ń ṣe é láìbéèrè, ọjọ́ yẹn ló ní rárá. Ozu sì gbà.

Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ń sọ láti àárọ̀ pé sùúrù ni mò ń kọ́ lára rẹ̀. Kì í ṣe sùúrù nìkan, mo ti gbọ́ ìyẹn báyìí, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ohun tí...

Ìbínú náà ti rọlẹ̀. Ó lè padà lóru.

Agogo mẹ́fà ni màá wọṣẹ́ lọ́la. Èmi àti ọmọ tuntun yẹn ni wọ́n fi sí ìlà kejì. Ọjọ́ méjì rèé tí mo ti ń pè é ní ọmọ náà, ọmọ náà, mi ò tíì bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó ṣe é kó jẹ́ ohun tí màá kọ́kọ́ ṣe lọ́la nìyẹn, kí n tó fi ibi tí ìbọ̀wọ́ àti téèpù wà hàn án.