Orúkọ Màmá Níwájú Lọ́yà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí èmi àti Màmá gun àtẹ̀gùn ilé olókè tí ọ́fíìsì lọ́yà náà wà ní Ìbàdàn. Ìwé power of attorney tí Màmá fi fún mi láṣẹ láti bójú tó ilẹ̀ rẹ̀, kí n sì tà á bí ó bá di dandan, ni ó fẹ́ tẹ̀ka sí níwájú Notary Public, ìyẹn lọ́yà tí ó ní àṣẹ láti fi òǹtẹ̀ àti èdìdì jẹ́rìí sí ìwé. Kì í ṣe gbogbo lọ́yà ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ń yan àwọn tí ń ṣe é. Mo ti tẹ ìwé náà sílẹ̀, mo mú fọ́tò àti ìwé NIN lọ́wọ́, mo sì rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Lọ́yà kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo ìwé tí mo tẹ̀. Ó wo fọ́tò inú ìwé NIN, ó wo ojú Màmá, ó tún padà wo fọ́tò, lẹ́yìn náà ni ó ń da nọ́ńbà mọ́kànlá náà kọ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá kan. Ó wá béèrè pé, “Màmá, kí ni orúkọ yín?”

Màmá ní, “Èwo nínú wọn?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́yà kò rẹ́rìn-ín, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Àbẹ̀kẹ́, oríkì rẹ̀, ni ó wà lórí rìsíìtì tí ó gbà nígbà tí ó ra ilẹ̀ ní 1986. Abigail, orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, ni ó wà lórí NIN. Káàdì ìdìbò gbé méjèèjì, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan sọnù nínú orúkọ bàbá mi. Ní àdúgbò wa, tí wọ́n ti ń fi orúkọ mi pè é ní Ìyá Lágbájá, kò sí ẹni tí ó lè ṣì í mọ̀. Lójú ìwé, obìnrin kan ni ó ra ilẹ̀, obìnrin mìíràn ni ó fẹ́ fi àṣẹ rẹ̀ lélẹ̀.

Lọ́yà ní kí a lọ sí kọ́ọ̀tù, kí Màmá lọ búra pé òun kan náà ni ó ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. A tò, a san owó, wọ́n lẹ fọ́tò mọ́ ìwé ìbúra, Màmá sì gbé Bíbélì sókè níwájú Commissioner for Oaths. Nígbà tí ó gbọ́ pé oníṣẹ̀ṣe lè fi irin búra níbẹ̀, ó ní bí ó bá jẹ́ irin ni, òun ì bá kọ́kọ́ jókòó ronú ná.

A padà sọ́dọ̀ lọ́yà ní ọ̀sán. Nítorí pé Màmá kò mọ̀wé kà, lọ́yà ní láti ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, kí ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó yé Màmá dáadáa kí Màmá tó tẹ̀ka. Kí lọ́yà tó bẹ̀rẹ̀, ó yíjú sí mi pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níta ná.”

Èmi ọmọ! Inú bí mi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, mò ń rò ó pé èmi ni mo fọ ẹsẹ̀ obìnrin yìí ní àárọ̀ kí a tó jáde, tí ẹni tí kò mọ̀ wá rí sì ń bi í nínú yàrá bóyá mo fipá mú un wá. Ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé mo rí ilé kan ní òdìkejì títì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sí ara ògiri rẹ̀ pé kì í ṣe títà, irú ìkọ̀wé tí ó pọ̀ káàkiri ìlú yìí, ìbínú mi sì rọlẹ̀. Fọ́tò àti nọ́ńbà lè fi hàn pé Màmá ni ó wá, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi hàn pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi wá. Ta ni ó sì rọrùn fún jù láti mú ìyá arúgbó wá tẹ̀ka, bí kì í bá ṣe ọmọ rẹ̀?

Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, Màmá ti ki àtàǹpàkò bọ íǹkì. Gaàrí dídín ti fá ojú ìka náà kúnná, ó jáde lórí ìwé bí àbààwọ́n lásán. Lọ́yà nu ún, Màmá tún un tẹ̀, ìlà díẹ̀ hàn, òǹtẹ̀ àti èdìdì pupa sì tẹ̀ lé e.

Nínú ọkọ̀ mo bi í léèrè ohun tí wọ́n sọ nígbà tí mo wà níta. Ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu íǹkì kúrò ní ọwọ́, ó ní ọ̀rọ̀ òun àti lọ́yà òun ni.