Bí ẹ̀rọ amúmigbóná inú RV (ọkọ̀ ìrìn-àjò tí a lè gbé inú rẹ̀) bá kọ̀ tí kò tàn

Ẹ rí i pé omi kún táǹkì kí ẹ tó tan án. Títan án lófìfo máa ń bà á jẹ́. Ẹ wá tan sítóòfù. Bí òun náà kò bá jó dáadáa, gáàsì ni kí ẹ wò.

Bí ẹ̀rọ bá ń ta ṣá-ṣá tí kò gbiná, ẹ ti gáàsì pa, kí ẹ tú ọ̀pá tí gáàsì ń gbà. Òwú aláǹtakùn ló sábà máa ń dí i, àní nínú ọkọ̀ tuntun pàápàá!

Ó gbiná, ó tún kú? Ẹ fọ irin tó ń ta iná, kí àlàfo rẹ̀ tó mìlímítà 3, kí ẹ sì di wáyà ilẹ̀ (ground) le. Bí kò bá ta rárá, ẹ yẹ fíúsì àti bátìrì 12 volt wò.

Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan? Ó lè jẹ́ pé fáàfù bypass, èyí tí wọ́n yí nígbà òtútù kí omi má bàa gba inú táǹkì ẹ̀rọ náà, ni wọn kò dá padà.