Láti ẹnu géètì dé etí títì: ohun tí iṣẹ́ káńsù kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ títì nílẹ̀ England, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí: "Bọ̀dá, kí lẹ ń ṣe ní káńsù gan-an?" Tí mo bá ní ibi tí mọ́tò ń gbà wọ ọgbà ilé ni mò ń yẹ̀ wò, ẹ̀rín ló ń tẹ̀lé e. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Èmi náà, afárá ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ń ka ẹnjiníà nílé, kí n tó rí i pé mítà mélòó kan tó wà láàárín géètì àti títì ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ wa.

Màmá kan ló là mí lójú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti pẹ́ ní London. Ó ti hú gbogbo òdòdó iwájú ilé rẹ̀, ó ti wó ògiri kékeré tó wà níbẹ̀, ó ti fi intálọ́ọ̀kù tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ, kó tó wá kọ̀wé sí wa pé ká wá bá òun rẹ kọ́ọ̀bù, ìyẹn òkúta tó yọ sókè létí títì, sílẹ̀ kí mọ́tò lè gba orí rẹ̀ wọlé, ohun tí àwọn aráabí ń pè ní dropped kerb. Mo yọ tépù. Mo fi ẹnu rẹ̀ ti ògiri abẹ́ wíńdò, mo fà á dé ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí. Mítà 4.52. Mítà 4.8 ni ìlànà káńsù tí mò ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà sọ. Mo tún un wọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó wá di 4.50. Màmá dúró tì mí pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn, ó ń wo ojú tépù bí ẹni tó ń retí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó ti rí orúkọ mi lára káàdì àyà mi, ló bá rọra sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ọmọ mi, ṣé o ò lè fà á síwájú díẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀yin mà, tí mo bá fà á síwájú, orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni ìdí mọ́tò yín máa wà."

Ó ní mọ́tò òun kékeré ni. Òótọ́ ni, kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ra ilé náà lẹ́yìn rẹ̀ lè gbé jíìpù wá, kọ́ọ̀bù tí a bá sì ti rẹ̀ sílẹ̀, a kì í tún un gbé sókè nítorí pé onílé pààrọ̀ mọ́tò. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà tó kù yẹn ni obìnrin tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ máa fi bọ́ sójú títì láàárín mọ́tò. Owó àjọ ni màmá fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá a tẹ́ intálọ́ọ̀kù ti sọ fún un pé káńsù kò ní wàhálà, ó ti gba owó rẹ̀, ó ti lọ. Mo kọ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ náà fúnra mi. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá bá mi sọ̀rọ̀ iwájú ilé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi ìsọmọlórúkọ, ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ ń sọ ni pé kó fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ ná, kó kọ̀wé. Ẹ̀yin náà, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi yín.

Ẹ má sì há 4.8 yẹn sórí bí ẹsẹ Bíbélì. Àwọn káńsù kan ní mítà 5 làwọn ń fẹ́. Nínú London nìkan, borough, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, 32 ló wà, kálukú ló ní ìlànà tirẹ̀ lórí bí àyè ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, bó ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, àti bó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó sí oríta àti sí ìdí igi. Ẹ ka ti káńsù tí ẹ wà. Mo ti rí ẹni tó fi ìlànà borough kan dá ará borough kejì lóhùn, ó sì tó oṣù méjì kí ọ̀rọ̀ náà tó parí.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ilẹ̀ onílé sábà máa ń parí síbi tí ògiri ọgbà iwájú ilé rẹ̀ wà. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níta, títì ni lójú òfin, ti gbogbo ayé ni. Òfin títì ti ọdún 1980, abala 184, ló dá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá sọ ọ́ di àṣà láti máa gbé mọ́tò gba orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ní kọ́ọ̀bù wọlé, káńsù lè fún un níwèé, kí wọ́n ṣe ibi ìkọjá tó yẹ, kí owó rẹ̀ sì wà lọ́rùn onílé. Onílé náà lè béèrè fúnra rẹ̀. Tó bá wá sanwó tán, tí wọ́n ṣe é tán, ti káńsù ṣì ni. Èyí máa ń bí wọn nínú gan-an, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún, kò nípọn tó títì. Wáyà iná ń gba ibẹ̀ kọjá, páìpù gáàsì àti ti omi náà wà níbẹ̀, wọn ò sì jìn sílẹ̀ púpọ̀. Tí mọ́tò bá ń gùn ún láàárọ̀ lálẹ́, síláàbù á sán, ọ̀kan á ga ju èkejì lọ, bàbá arúgbó á fẹsẹ̀ kọ ọ́, lọ́yà á sì kọ̀wé sí wa. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ibi ìkọjá mọ́tò jìn, tí wọ́n ń fi òkúta àti kọnkéré kún un. Ìdí nìyẹn náà tí wọn kì í fi í jẹ́ kí bíríkìlà àdúgbò ṣe é: bí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ káńsù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí káńsù fọwọ́ sí tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ títì.

Gígun orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gan-an kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tuntun. Òfin títì ti ọdún 1835 ló kà á léèwọ̀, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta nìyẹn! Mọ́tò kò tíì sí láyé. Ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ ni òfin náà dárúkọ. Mo máa ń fi í pa àwọn onílé lẹ́rìn-ín bí inú wọn bá ń ru.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kọ́ọ̀bù, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí kíláàsì kò kọ́ mi. Èyí tó dúró sábà máa ń yọ tó mìlímítà 100 sí 125 lókè ojú títì. Tí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún mọ́tò, wọ́n sábà máa ń fi mìlímítà 25 sílẹ̀. Mo bi ọ̀gá mi pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó tẹ́jú pátápátá kí mọ́tò wọlé wọ́ọ́rọ́. Kò dá mi lóhùn. Ó ṣí ìgò omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á sójú gọ́tà. Omi náà fara ti ẹsẹ̀ kọ́ọ̀bù, ó ń bá a lọ jẹ́jẹ́ títí ó fi wọ ihò ìdominù, kò gòkè. Mìlímítà 25 ni kò jẹ́ kí àgbàrá títì wọ pálọ̀ onílé. Afọ́jú tó ń fi ọ̀pá rìn náà ń fi í mọ̀ pé òun ti dé etí títì. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá ni wọ́n ti ń rẹ̀ ẹ́ dé mìlímítà 6 tàbí kó tẹ́jú, wọ́n á sì tẹ́ síláàbù oníkókó síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè mọ̀ ọ́n.

Kọ́ọ̀bù kan gùn ní mìlímítà 915. Mẹ́rin tó lọ sílẹ̀, pẹ̀lú ẹyọ kan tó dà gẹ̀rẹ́ lọ́tùn-ún àti ẹyọ kan lósì, ó di mítà 5.49. Onílé kì í ka àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ẹ̀yin ẹ kà á, kí ẹ má baà buwọ́ lùwé tán kí ẹ tó rí i pé gẹ̀rẹ́ kan ti wọ ìdí òpó iná.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kò tán síbẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n ń fi ìkún omi odò Ògùnpa ọdún 1980 dẹ́rù bà wá bí a bá da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Síbẹ̀, iwájú ilé wa ńkọ́? Láńlọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló da síláàbù tirẹ̀ sórí gọ́tà kí mọ́tò lè wọlé, ti ẹnì kan ga, ti ẹnì kejì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè wọ abẹ́ rẹ̀ kó ìdọ̀tí. Òjò ńlá kan péré, omi á fo jáde síta. Èmi tí mo ti inú èyí wá, ó yẹ kí n tètè lóye ohun tí àwọn ará England ṣe lẹ́yìn ìkún omi ọdún 2007, ṣùgbọ́n kò yé mi kíákíá. Wọ́n rí i pé iwájú ilé tí àwọn ènìyàn ń fi kọnkéré dí wà lára ohun tó ń ti omi sí gọ́tà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tí kì í mu omi tẹ́ iwájú ilé rẹ̀ ju mítà 5 níbùú lóòró (5 square metres) lọ, tí omi rẹ̀ kò sì ní ibòmíràn láti lọ ju ojú títì, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ planning, ìyẹn ìyọ̀ǹda ìkọ́lé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Tó bá jẹ́ ohun tó ń mu omi, tàbí tó darí omi náà sínú ilẹ̀ koríko nínú ọgbà ara rẹ̀, kò nílò àṣẹ yẹn.

Ìṣòro kejì màmá nìyẹn. Intálọ́ọ̀kù lásán tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ra kì í mu omi, tirẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ sójú títì, ó ju ogún mítà níbùú lóòró lọ. Wọ́n ní kó hú ìlà kan kúrò lẹ́bàá ògiri kí omi lè ríbi wọlẹ̀. Ó hú u. Ewédú ló gbìn síbẹ̀.

Àṣìṣe tèmi ńkọ́? Ọkùnrin kan bi mí lórí fóònù bóyá òun nílò àṣẹ planning láti ṣí ẹnu ọ̀nà sójú títì wọn. Mo mọ̀ pé títì tó bá ní A tàbí B lórúkọ nílò rẹ̀. Mo wo máàpù, mi ò rí A, mi ò rí B, àdúgbò jẹ́jẹ́ ni, mo ní kó máa bá a lọ. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìpele kẹta wà, èyí tí wọn kì í kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára pátákó, tí òun náà ń béèrè àṣẹ kan náà. Ìwé àkọsílẹ̀ títì tó wà lọ́wọ́ káńsù ni èèyàn ti ń rí i, kì í ṣe ojú máàpù. Ọkùnrin yẹn ti sanwó fún bíríkìlà kí ẹ̀ka planning tó kọ̀wé sí i. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀. Kò bú mi, ó kàn bi mí bóyá mo máa mu tíì, èyí sì dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àṣẹ kan ti gbé èkejì. Níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ bá jẹ́ onípele méjì, títì wà lọ́wọ́ county, planning wà lọ́wọ́ district, wọn kì í sì í gbọ́ ti ara wọn. Ní London, àwọn red route, títì tí wọ́n fa ìlà pupa sí létí, sábà máa ń wà lọ́wọ́ Transport for London, àjọ ìrìnnà ìlú náà, kì í ṣe borough. Ẹni tó ń gbé fúláàtì kò ní àwọn ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ planning tí ẹni tó ní odidi ilé ní. Ayálégbé sì gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù.

Ti ṣọ́ọ̀bù, ilé iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì le ju èyí lọ. Lọ́rì wúwo, nítorí náà kọnkéré gbọ́dọ̀ nípọn. Mọ́tò gbọ́dọ̀ rí ibi yí padà nínú ọgbà kó lè fi iwájú jáde. Ẹni tó ń jáde sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀ọ́kán. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn wa kan gba ilé ìkẹ́rù àtijọ́, wọ́n fẹ́ fẹ ẹnu géètì kí bọ́ọ̀sì wọn lè máa wọlé. Ọ̀gá mi ní kí n wọn mítà 2.4 sẹ́yìn láti etí títì, kí n wá lósòó títí ojú mi á fi wà ní mítà 1.05 sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ojú ẹni tó jókòó nínú mọ́tò kékeré máa ń wà. Eré tí òfin fàyè gbà lójú títì náà, máìlì 30 láàárín wákàtí kan ni, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ rí mítà 43 lọ́tùn-ún lósì. Ká ní máìlì 20 ni, mítà 25 ìbá tó. Mo lósòó síbẹ̀ nínú kóòtù aláwọ̀ yẹ́lò mi, àwọn ọmọ kíláàsì ọjọ́ ìsinmi ń wò mí. Lápá òsì, mo rí títì dé ìsàlẹ̀. Lápá ọ̀tún, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ni mo rí, gàgàrà, ó ń pe aráyé wá gba ìyanu. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sí mi gbì.

Pásítọ̀ kò kọ́kọ́ gbà. Mo ní kí òun náà wá lósòó. Agbádá kò jẹ́ kó rọrùn, àmọ́ ó lósòó, bọ́ọ̀sì míì sì yọ. Wọ́n gbé pátákó náà lọ sára ògiri. Géètì tó ń ṣí síta tẹ́lẹ̀, tí abala 153 òfin 1980 kà léèwọ̀, wọ́n yí i kó máa ṣí sínú.

Lọ́jọ́ tí mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà ìkẹyìn, àwọn ìyá ìjọ ti bu ìrẹsì pẹ̀lú dòdò àti ẹran ògúnfe dè mí. Mo ní mi ò lè jẹ ẹ́, pé mi ò tíì buwọ́ lùwé wọn. Wọ́n ní tí mo bá buwọ́ lù ú tán ńkọ́? Mo ní ìyẹn gan-an ló burú jù. Ebi sì ń pa mí o.