Section 8, fáọ̀ṣà, àti ẹ́ńfílọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ ò tíì ṣí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ń gba fáọ̀ṣà Section 8, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń bá èèyàn san lára rẹ́ǹtì, tàbí tẹ́ ẹ ń gbé inú ilé ìjọba, àtẹ̀yin tí màmá tàbí bàbá yín ń gbé ibẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni fóònù mi ò ti sinmi. Wọ́n á fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, "ẹ gbọ́, wọ́n ti fagi lé Section 8", òmíì á ní "wọ́n ní ọdún méjì péré lèèyàn lè lò nínú ẹ̀ báyìí", òmíì á ní "wọ́n ní ẹni tó bá ti kọ́lé sílé, wọ́n máa lé e jáde". Èmi ni wọ́n ń bi torí èmi ni mo máa ń bá àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ka lẹ́tà tí mo sì máa ń bá wọn kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Mi ò gbowó, mi ò sì pe ara mi ní lọ́yà o. Ohun tí mo wá rí ni pé èyí tó ń kó àwọn èèyàn wa láyà sókè jù ò tíì ṣẹlẹ̀, èyí tó sì ti fẹ́ máa mú owó kúrò lápò wọn gan-an, wọn ò tiẹ̀ gbọ́ nípa ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti "wọ́n ti fagi lé e" yẹn kúrò nílẹ̀. Ní January 27, 2025, ọ́fíìsì tó ń rí sí bájẹ́ẹ̀tì ní White House gbé ìwé jáde pé kí wọ́n dá owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ dúró ná, ìdààmú bá gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá rẹ́ǹtì February máa wọlé fún láńdílọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kejì adájọ́ dá a dúró, nígbà tó di January 29 àwọn fúnra wọn fa ìwé náà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ariwo àkọ́kọ́ ti wá.

Ti ọdún méjì, inú àbá bájẹ́ẹ̀tì 2026 tí ìjọba Trump gbé jáde ní May 2, 2025 ló ti wá. Wọ́n ní kí wọ́n gé bílíọ̀nù 26.7 dọ́là kúrò nínú owó tí wọ́n fi ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ lórí rẹ́ǹtì, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ọ̀hún, kí wọ́n da Section 8, ilé ìjọba, ilé àwọn àgbà àti tàwọn aláìlera pọ̀ mọ́ra, kí wọ́n kó o fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé kó máa pín in bó ṣe wù ú, kí ẹni tára ẹ̀ bá le má sì gbà á kọjá ọdún méjì. Àbá ni o. Ààrẹ lè dábàá, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló ni àṣẹ owó, nígbà tí ìgbìmọ̀ owó ilé aṣòfin méjèèjì sì ṣe tiwọn ní July 2025, wọn ò mú ti dída gbogbo ẹ̀ pọ̀ yẹn. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán o. Àbá tí wọ́n bá dá lọ́dún yìí, wọ́n lè tún un dá lọ́dún tó ń bọ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní nursing home, tó ń dá tọ́ ọmọ méjì, ọdún méjì ò lè sọ owó oṣù ẹ̀ di ohun tó máa tó san rẹ́ǹtì ìlú ńlá, ẹni tó kọ àbá yẹn ò jókòó ti irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí. Ẹ pe aṣojú yín ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ẹ sọ ọ́ fún un. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí wọ́n ń wí àti ohun tó ti di òfin ni.

Èyí tó ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni ti Emergency Housing Voucher, EHV tí wọ́n ń pè é. Ìgbà kòrónà ni wọ́n dá a sílẹ̀, òfin American Rescue Plan ti 2021 gbé bílíọ̀nù 5 dọ́là kalẹ̀ fún un, fáọ̀ṣà 70,000 ló jẹ́, fáwọn tí ò nílé lórí, àwọn tó fẹ́ẹ̀ pàdánù ilé, àtàwọn tó ń sá fún ẹni tó ń lù wọ́n nínú ilé. Wọ́n rò pé owó náà máa gbé wọn dé 2030, àmọ́ rẹ́ǹtì lọ sókè kọjá bí wọ́n ṣe rò, nígbà tó di March 2025 HUD, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, kọ̀wé sáwọn ọ́fíìsì họ́sìn, àwọn ọ́fíìsì ìlú kọ̀ọ̀kan tó ń bójú tó fáọ̀ṣà, pé owó tó gbẹ̀yìn ló ń bọ̀ yìí o, pé kí wọ́n máa múra sílẹ̀ torí á tán nínú 2026. Ìdílé tó lé ní 50,000 ló ṣì wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá gba fáọ̀ṣà láti 2021 wá síhìn-ín, ẹ wá ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ Emergency síbẹ̀, torí mo ti rí ẹni tí ò mọ̀ pé tòun yàtọ̀ sí Section 8 tí aládùúgbò ẹ̀ ń gbà. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ pe ọ́fíìsì yín, ẹ bi wọ́n pé ṣé àyè wà láti gbé yín sórí fáọ̀ṣà tó ń bá a lọ, ṣé ẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ lórí waiting list ná. Ọ́fíìsì kan lè fi àwọn EHV ṣáájú ìlà, kí òmíì má láyè rárá torí owó ò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kó di oṣù tówó bá tán kẹ́ ẹ tó béèrè.

Ó wá ku èyí tí ẹnì kankan ò fi vóìsì nóòtì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi rí. HOTMA lorúkọ ẹ̀, òfin tó yí bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ́ǹtì yín àti bí wọ́n ṣe ń ka ohun ìní yín padà ni. Obama ló fọwọ́ sí òfin náà ní July 2016, ó di February 2023 kí HUD tó gbé ìlànà tí wọ́n máa fi ṣe é jáde, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ ní January 2024, wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un, ara ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà HUD tí àwọn ọ́fíìsì máa fi kó àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ ò tíì ṣe tán. Ibi tó wá já sí ni pé ọ́fíìsì kan lè ti máa lo apá kan nínú ẹ̀ kí ti ìlú kejì má tíì bẹ̀rẹ̀. Torí ẹ̀ ni ohun tí ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Houston sọ fún yín ṣe lè má bá tiyín ní Baltimore mu.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ́ǹtì rèé: wọ́n á ka owó tó ń wọlé fún yín lọ́dún, wọ́n á yọ àwọn nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀, nínú èyí tó bá kù, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiyín, ìrànlọ́wọ́ á san ìyókù títí dé iye tí ọ́fíìsì bá gbà láti san. Ibi yíyọ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ti pé ọdún 62 tàbí tó jẹ́ aláìlera, tẹ́lẹ̀ $400 ni wọ́n ń yọ fún un, HOTMA sọ ọ́ di $525, wọ́n á sì máa fi kún un bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí i. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹ wo owó ìlera. Tẹ́lẹ̀, owó oògùn, awò ojú, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, owó Medicare (ìbánigbófò ìlera ìjọba fáwọn àgbà) tẹ́ ẹ ń fúnra yín san, gbogbo èyí tó bá lé ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún yín ni wọ́n máa yọ. HOTMA gbé e dé ìdá 10.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú màmá kan wò ó. Ká ní $20,000 ló ń wọlé fún un lọ́dún, ó sì ń ná $3,000 lórí ìlera. Ìdá 3 nínú $20,000 jẹ́ $600, torí náà wọ́n á yọ $2,400 fún un. Lábẹ́ ti tuntun, ìdá 10 jẹ́ $2,000, $1,000 péré ni wọ́n á yọ. $1,400 tó bọ́ sílẹ̀ láàárín yẹn, ìdá 30 ẹ̀ ni màmá máa fi san rẹ́ǹtì, ìyẹn $420 lọ́dún, $35 lóṣù. Àfikún tí wọ́n ṣe sí $400 yẹn á dá bíi $3 padà fún un lóṣù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi lè ní kí ni $32, àmọ́ ẹni tó ń pín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí méjì kó lè pẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ ohun tó jẹ́. Mo gbà pé kò tọ́ kí wọ́n fi kún ti $525 lọ́wọ́ ọ̀tún kí wọ́n gba ìlọ́po mẹ́wàá ẹ̀ lọ́wọ́ òsì, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ohun tí wọn kì í ṣàlàyé ni pé ẹni tí wọ́n ti ń yọ owó ìlera fún tẹ́lẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gbé e fò sórí ìdá 10 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún àkọ́kọ́ ìdá 5 ni, ọdún kejì ìdá 7 àtààbọ̀, kó tó wá di 10. Tí ìyẹn bá parí tí ọwọ́ ò sì ká a, tàbí tí ìnáwó ìlera bá ṣàdédé pọ̀ sí i, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ fún hardship, ìyẹn ìdẹ̀rùn fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò ká a, ẹ béèrè é pẹ̀lú orúkọ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ sì fi ìwé kọ ọ́, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́ lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn màmá wa jà pé kí wọ́n má da rìsíìtì oògùn nù. Ẹ wá nílọ́ọ̀nù kan, ẹ máa kó wọn síbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé tẹ́ ẹ kọ́ sílé. HOTMA ní wọn ò gbọdọ̀ gba ẹni tí ohun ìní ẹ̀ bá lé ní $100,000 wọlé, wọ́n ń sún iye yẹn sókè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Owó ìfẹ̀yìntì tó wà nínú 401(k) àti IRA ò sí nínú ohun tí wọ́n ń kà. Ilé ìdílé tí bàbá fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tẹ́ ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá tà lábẹ́ òfin ibi tó wà, wọn ò kà á. Èyí tẹ́ ẹ fowó ara yín kọ́, tí ìwé ẹ̀ wà lórúkọ yín, tó jẹ́ pé ẹ lè tà á nígbàkígbà, ohun ìní yín nìyẹn, wọ́n á yọ gbèsè orí ẹ̀ àti owó tí títà ẹ̀ máa ná yín, wọ́n á ka ìyókù. Òfin tún ní ẹni tó bá ní ilé tó lè gbé, tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e, tó sì lè tà á, kò gbọdọ̀ gba ìrànlọ́wọ́, àmọ́ wọ́n yọ ilé tó jìnnà débi tí gbígbé ibẹ̀ máa ni yín lára kúrò, bíi tí iṣẹ́ yín tàbí iléèwé àwọn ọmọ ò bá ní ṣeé dé láti ibẹ̀. Ẹni tó bá sì ti wà nínú ilé ìjọba tàbí lórí fáọ̀ṣà tẹ́lẹ̀, òfin fún ọ́fíìsì láyè láti pinnu pé àwọn ò ní lé e jáde nítorí ohun ìní. Nítorí náà ẹ má purọ́ lórí fọ́ọ̀mù. Irọ́ yẹn ló lè lé yín jáde kíákíá ju ilé fúnra ẹ̀ lọ, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ dá owó ọdún tó ti kọjá padà.

Ti ìwé ìgbélùú, ṣókí ni màá sọ ọ́. Láti 1980 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Section 214 ti sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i: ọmọ onílùú, ẹni tó ní green card, ẹni tó sá wá tí wọ́n sì fún ní ààbò tí wọ́n ń pè ní asylum, àti irú wọn. Ìdílé táwọn kan nínú ẹ̀ ní ìwé táwọn kan ò ní, wọ́n máa ń gé ìrànlọ́wọ́ wọn kù ni, iye ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ ni wọ́n á fi ṣírò ẹ̀. Ní March 2025, HUD àti Homeland Security, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn á jọ máa wo àkọsílẹ̀, ẹ̀rù sì ti mú kí àwọn kan fẹ́ yọ orúkọ ọmọ tàbí ọkọ kúrò lórí ìwé. Ẹ má ṣe é kẹ́ ẹ tó rí lọ́yà. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ní legal aid tí kò gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò lówó.

Lẹ́tà ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí jù. Mo dé ilé màmá kan, mo bá àwọn ẹ́ńfílọ́ọ̀pù látọ̀dọ̀ ọ́fíìsì họ́sìn lábẹ́ Bíbélì lórí fìríìjì, wọn ò tíì ṣí ìkankan. Mo ní màmá kí ló dé, wọ́n ní "ọmọ mi, mo gbọ́ pé wọ́n ń lé wa, mi ò fẹ́ kà á." Kò sí ọ̀rọ̀ lílé nínú èyí àkọ́kọ́ o, ìwé pé kí wọ́n wá ṣe recertification ọdún náà ni, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún bóyá wọ́n ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànlọ́wọ́. Torí wọn ò dáhùn ni èyí tó tẹ̀ lé e fi bínú díẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ló wá sọ pé wọ́n máa gba fáọ̀ṣà lọ́wọ́ wọn. Ìbẹ̀rù àbá tó wà lórí WhatsApp fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé lọ́wọ́ màmá. Àmọ́ nínú lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí hearing, ìyẹn ìjókòó tí wọ́n ti máa gbọ́ tẹnu màmá, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn láti béèrè ẹ̀ ò sì tíì kọjá. A kọ̀wé béèrè ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, a gbé e lọ fúnra wa, a ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwa. Wọ́n gbọ́ tẹnu màmá, wọ́n gba ìwé wọn, màmá ṣì ń gbé ilé wọn.

Ìpàdé tún wà tí àwọn èèyàn wa kì í lọ. Àwọn ọ́fíìsì họ́sìn máa ń ṣètò ìlànà tí wọ́n fẹ́ lò, òfin ní kí wọ́n gbé e síta ó kéré tán ọjọ́ 45 kí wọ́n tó ṣe ìpàdé tí gbogbo èèyàn lè wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí mo ń sọ yìí ti lè yí padà, torí HUD fi àwọn ìpinnu kan sí ọwọ́ ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan. Mo ti ń to àwọn ìbéèrè tí mo máa gbé lọ sí tiwa: ṣé wọ́n máa lo àyè tí òfin fún wọn láti má lé àwọn àgbà tó ti wà nílé jáde nítorí ohun ìní, báwo lèèyàn ṣe máa béèrè hardship lórí owó ìlera, ṣé ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó dáadáa máa rí ògbufọ̀, àti kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fáwọn EHV wọn. Ẹ bi ọ́fíìsì yín pé ìgbà wo ni tiyín, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká jọ to ìbéèrè tiyín, ẹ kọ̀wé sí mi.