Ẹni tó máa bá mi gbé e lọ

"Mo ti rí ẹni tó máa bá mi gbé e lọ."

Èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n tí mo lọ ra gìtá lọ́wọ́ rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Orí fóònù ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi sì jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, gìtá lórí itan mi, mò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kò ní òun ti rí ẹni tó máa rà á. Ẹni tó máa bá òun gbé e lọ, ló wí. Bí ẹni pé àga tó ti kán lẹ́sẹ̀ ni.

Mo rà á o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí mo mọ àwọn tó máa rán mi létí ohun tí mo wí lórí gìtá dúdú yẹn, pé òun ni mo máa rà kẹ́yìn. Ẹ má rán mi létí. Mo rántí.

Gìtá iná Epiphone Casino ni, tí àárín rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó gbó, tí etí rẹ̀ ń ṣú lọ. Àtúnjáde ni, ti ọdún 1961 gan-an kọ́, ta ni mo jẹ́. Inú rẹ̀ ṣófo pátápátá. Àwọn ènìyàn a máa fi í wé gìtá ES-335 tí ilé-iṣẹ́ Gibson gbé jáde ní 1958, ṣùgbọ́n ìyẹn ní ìtì igi kan tó gba àárín inú rẹ̀ kọjá. ES-330 ti ọdún 1959 ni ká kúkú pè ní ìbejì èyí. Ìtì igi yẹn ló ń bá 335 pa ẹnu mọ́. Èyí kò ní nǹkan kan nínú: ẹ ṣáà yí fólúùmù sókè díẹ̀, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ańpilifáyà, igbe ló máa fi bọnu. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ. Òun gan-an ni mo torí ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n "bá mi." Ẹni tí èèyàn bá ní kó bá òun gbé nǹkan, oore ló ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi sanwó. Mo kà á lójú rẹ̀, òun náà tún un kà. Oore wo ló tún kù níbẹ̀?

Ojú ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àbùkù sí i lára. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe é. Àbí ọrùn rẹ̀ ti wọ́? Àbí ó ti ṣubú rí, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́? Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Mo ní mò ń bọ̀. (Oúnjẹ yẹn tutù.)

Mo ti wáyà rẹ̀ bọ ańpilifáyà, ó ń kùn. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù: pickup P-90, ohun tó ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná, ló wà lára rẹ̀, irú èyí tó ti wà láti 1946, ìdì wáyà kan ṣoṣo ló sì ní, tó ń gba ariwo iná mọ́ra. Tí mo bá yí ìjókòó mi padà díẹ̀, kíkùn náà á rọlẹ̀. Mo ń yí bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ "kó." Nọ́ọ̀tì irin tó di jáàkì, ibi tí wáyà ń wọ̀, mú ti tú, jáàkì fúnra rẹ̀ sì ti jábọ́ sínú gìtá.

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ó tì mí lójú. Mo ní àṣírí tú, ìdí rẹ̀ nìyí.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ìdí kankan. Ta ló ń tìtorí nọ́ọ̀tì gbé gìtá rẹ̀ tà? Bí nọ́ọ̀tì bá tú lára gìtá mìíràn, ìṣẹ́jú kan ni. Lára èyí, kò sí ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀ tí èèyàn lè ṣí. Ihò méjì tó rí bí lẹ́tà f níwájú ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Mo ti òwú bọ ihò jáàkì, mo mi gìtá, mo dà á dojú dé, mo súfèé, mo ṣépè, títí orí òwú fi yọ ní ihò f. Mo fi ìwọ̀ wáyà fa jáàkì wá sí ẹnu ihò náà, mo so ó mọ́ òwú, mo wá ń fà á padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa ẹja. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló já. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ó yọ orí jáde, mo fi eyín di òwú mú kí n tó rí nọ́ọ̀tì fi dè é.

Tàbí orin mi ni ẹ̀gbọ́n náà gbọ́? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó báyìí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta á ló dìde lọ gba fóònù, n kò sì gbọ́ kí fóònù kankan dún.

Mo pààrọ̀ okùn. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni o, torí pé okùn ló tẹ bríìjì, irin tí okùn gùn lé, mọ́lẹ̀. Bí mo bá tú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, á jábọ́, irin tó so ìdí okùn náà á sì fì lulẹ̀, á ha ara igi. Ibi tí mo ti ń nu ọrùn rẹ̀ ni mo ti rí i. Frẹ́ẹ̀tì kìíní, ìkejì, ìkẹta (irin tó dábùú ọrùn ni frẹ́ẹ̀tì): kòtò kéékèèké wà lára wọn lábẹ́ àwọn okùn tín-ín-rín, bí ibi tí omi ti ń kán sí lójú kan náà. Ìkẹrin, ó dín kù. Láti ìkarùn-ún lọ, frẹ́ẹ̀tì ń dán yinrin, ọwọ́ kò kàn án.

Kọ́ọ̀dù mẹ́rin, bóyá márùn-ún, ni ẹ̀gbọ́n náà ń ta. Ibi tí èmi náà ti ń jókòó láti ọdún wo.

N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí èyí tù mí nínú. Ó tù mí nínú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bí mi nínú. Ẹni tí ẹrù kan ti wọ̀ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀, ṣebí ó lè sọ fún ẹni tó fẹ́ gbà á. Ó kàn ní kí n rọra ní ibi àtẹ̀gùn.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo tó dé orí ìwọ̀n ohùn. Mo fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lórí frẹ́ẹ̀tì kejìlá, níbi tí okùn ti pín sí méjì, ó dún bí agogo. Mo tún wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n èyí tí mo tẹ̀ fi díẹ̀ ga jù, mo bá fi súkúrúdíráfà ti irin kékeré orí bríìjì sẹ́yìn kí okùn lè gùn sí i. Mo wọ̀n ọ́n. Mo tún tì í. Okùn mẹ́fà, ó ju wákàtí kan lọ, nítorí ibi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n náà kò dé rí, tí tèmi náà kì í sì í...

Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi ṣáájú kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. "Ṣé ẹ ti gbé e délé?"

Gbé, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo kọ "A ti délé, sà." Mo pa "a" rẹ́, mo fi "ó" síbẹ̀. Mo tún pa ìyẹn náà rẹ́. Ìyàwó mi ti sùn, n kò lè tan ańpilifáyà, mò ń ta á bẹ́ẹ̀ láìsí iná, inú rẹ̀ tó ṣófo sì tó fún iyàrá yìí.