Omi ni mo gbàgbé nígbà tí mo kun àga ìjẹun wa

Àga mẹ́fà ló yí tábìlì ìjẹun wa ká. Igi wọn ṣì le, àmọ́ aṣọ tó bo ìjókòó wọn ti ṣá, àbàwọ́n ọbẹ̀ sì ti pọ̀ ju òdòdó ara rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé èèyàn lè kun aṣọ àga lọ́dà, ẹ̀rín ni mo rín.

Àga àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ẹni ń kun ògiri ni mo ṣe é: mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà kíki, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ náà. Nígbà tó gbẹ, ó le bí awọ ìlù. Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó lé e ló jẹ́ kó sán káàkiri.

Àṣé aṣọ gbọ́dọ̀ mumi kó tó mu ọ̀dà. Bí ó bá gbẹ, òkè ni ọ̀dà máa dúró sí, kò ní wọ inú òwú. Nítorí náà, mo tú síkúrù mẹ́rin tó wà lábẹ́ àga kejì, mo yọ ìjókòó rẹ̀ (igi ò ní lábàwọ́n nìyẹn), mo gbọn eruku rẹ̀, mo fọṣẹ nu ọ̀rá ibẹ̀. Mo wá fọ́n omi sí i títí ó fi tutù, láì jẹ́ kí fóòmù abẹ́ rẹ̀ rin. Ọ̀dà olómi, èyí tí kì í ṣe elépo, ni mo lò, mo sì bu omi là á títí ó fi ń kán tótó lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn ìkùn àkọ́kọ́, àwọn òdòdó yẹn ṣì ń wò mí. Ibẹ̀ gan-an ni sùúrù ti máa ń tán. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo fi sáńpépà kíkúnná, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 400, rá a fẹ́ẹ́rẹ́, mo nu eruku, mo tún fọ́n omi, mo tún kun ún. Ọ̀dà funfun gbà mí ní ìkùn mẹ́rin. Búlúù dúdú tí mo fi kun àga kẹta kò ju méjì lọ.

Ẹ má dán an wò lára àrán o, irun rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tójú ò tó. Aṣọ tí ẹ bá kùn kò sì ní rọ̀ bíi tàtijọ́, bí awọ tó ti gbó ló máa ń rí lọ́wọ́.

Àga àkọ́kọ́ ńkọ́? Mo ya aṣọ rẹ̀ dànù, mo fi òmíràn bò ó.